Owó Yunifásítì ní Amẹ́ríkà: Bó Ṣe Ń Kan Ìrànwọ́ Tí Ọmọ Yín Lè Rí Gbà

Ọ̀pọ̀ òbí nínú àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló máa ń wo iye owó tí yunifásítì kan kọ síta, tí wọ́n á sì sọ fún ọmọ pé, "Èyí ju agbára wa lọ." Wọn kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Àwọn mìíràn sì gbà pé tí owó bá ti pọ̀, ìjọba ni yóò san án. Èrò méjèèjì lè kó ẹbí sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí á jọ wo bí ìṣirò náà ṣe ń lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Nǹkan méjì ni wọ́n ń wò. Èkíní ni gbogbo ìnáwó ọdún kan ní iléèwé náà, tí wọ́n ń pè ní Cost of Attendance. Owó ilé, oúnjẹ, ìwé, ọkọ̀ àti ìnáwó kéékèèké wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú owó iléèwé. Èkejì ni Student Aid Index, ìyẹn nọ́ńbà tó ń jáde láti inú fọ́ọ̀mù FAFSA lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo owó tó ń wọlé fún ẹbí, ohun ìní wọn àti iye èèyàn inú ilé.

Wọ́n á yọ nọ́ńbà ẹbí kúrò nínú ìnáwó iléèwé. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni àìní ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé nọ́ńbà ẹbí kan jẹ́ 10,000. Bí ìnáwó iléèwé kan bá jẹ́ 25,000 dọ́là lọ́dún, àìní ọmọ jẹ́ 15,000. Bí ti iléèwé mìíràn bá jẹ́ 60,000, àìní náà di 50,000. Ẹbí kan náà ni o. Iye owó iléèwé ló yàtọ̀.

Ẹ̀tọ́ sí ìrànwọ́ yàtọ̀ sí rírí i gbà

Kì í ṣe gbogbo iléèwé ló ń dí àlàfo náà tán. Pell Grant, owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn tí owó ilé wọn kéré, kì í pọ̀ sí i nítorí pé iléèwé wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025-26 jẹ́ 7,395 dọ́là. Àwọn yunifásítì àdáni kan tó lówó máa ń fi owó ara wọn dí gbogbo àlàfo. Àwọn mìíràn á fi í sílẹ̀ fún bàbá àti ìyá, tàbí kí wọ́n fi gbèsè dí i.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀sìn wa. Lẹ́tà ìrànwọ́ máa ń to owó ọ̀fẹ́ àti owó yíyá pọ̀ sójú kan náà. Owó yíyá ìjọba àpapọ̀ ní èlé lórí. Kódà èyí tí ìjọba ń bá ọmọ san èlé rẹ̀ nígbà tó wà ní iléèwé, ọmọ náà ni yóò máa san èlé náà tó bá yá. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ya ohun tó jẹ́ gbèsè sọ́tọ̀, kí ẹ sì bá onímọ̀ ẹ̀sìn tí ẹ fọkàn tán sọ̀rọ̀ lórí ribà.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ kọ FAFSA. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ orílẹ̀-èdè àti ẹni tó ní green card lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó lè béèrè ìrànwọ́ tí iléèwé fúnra rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ lo net price calculator tó wà lórí ìkànnì iléèwé kọ̀ọ̀kan. Òfin ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀.

Ẹ sọ òtítọ́ nípa ibi tí ọmọ yóò máa gbé. Tó bá ń ti ilé yín lọ, ìnáwó tí wọ́n á kọ fún un yóò dín kù, àìní rẹ̀ náà yóò sì dín kù.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ tàbí tí àìsàn wọlé, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ní iléèwé náà. Òfin gbà wọ́n láàyè láti tún ìṣirò yín wò.

Ní ìparí, ẹ má ṣe fi iye tí wọ́n kọ síta wé ara wọn. Ẹ yọ owó ọ̀fẹ́ kúrò nínú ìnáwó iléèwé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ́kù ni iye tí iléèwé náà máa ná yín.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa. Àmín.