Jẹ́lì tí Ooru Ń Darí



Ṣé ẹ rántí ẹ̀kọ tí wọ́n ń bù fún wa láàárọ̀? Bó bá gbóná, ó ń ṣàn. Bẹ́ ẹ bá pẹ́ dé ìdí rẹ̀, ó ti dì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí, òdì kejì ẹ̀kọ ni. Bó bá tutù, ó ń ṣàn; bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, á dì. Jẹ́lì ni wọ́n ń pè é, inú rẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì sí.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló ṣe abọ́ lásán? Nínú abọ́ pẹrẹsẹ, ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì ń tẹ́ bí ẹní. Bẹ́ẹ̀, ara wa kì í ṣe ẹní: ó ní ìbú, ó ní òòró, ó ní gíga. Ní 1992, Ole Petersen, Mina Bissell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi sẹ́ẹ̀lì ọmú hàn wá. Lórí abọ́, ó ṣòro láti mọ èyí tó ní jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Nínú jẹ́lì, èyí tó yè kóra jọ róbótó, ó sì ṣíwọ́ pípọ̀. Èyí tó ní jẹjẹrẹ kàn ń pọ̀ ṣáá, láìlétò. Ẹ ò rí i pé abọ́ lè parọ́ fún dókítà!

Ara kókó jẹjẹrẹ eku ni wọ́n ti ń fa irú jẹ́lì yẹn yọ. Hynda Kleinman àti George Martin wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1980 sí 1989. Ó wúlò gan-an títí dòní, àmọ́ ìgò kan kì í rí bí èkejì. Ta ló sì fẹ́ kí wọ́n fi ohun tó dàgbà nínú omi jẹjẹrẹ eku sí òun lára?

Ibẹ̀ ni kẹ́mísírì ti wọlé. Ní 1968, Heskins àti Guillet ní Kánádà kọ̀wé nípa èròjà kan, PNIPAM, tó ń yòrò nínú omi tútù, tó sì ń yọra kúrò nínú omi bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 32 díígírì. Ní 1990, Teruo Okano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn fi í tẹ́ ojú abọ́. Ní 37 díígírì, sẹ́ẹ̀lì dì í mú. Bí wọ́n bá mú un tutù, sẹ́ẹ̀lì á jáde fúnra rẹ̀, láìsí énsáìmù tó ń gé ọwọ́ tó fi dì mú. Ní 2004, Kohji Nishida àti Okano gba awọ díẹ̀ nínú ẹnu aláìsàn 4 tí iwájú ẹyinjú wọn ti bàjẹ́, wọ́n tọ́ ọ lórí irú abọ́ yìí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò tán síbẹ̀ o. Ní 2013, Lei àti Schaffer ní Berkeley po sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ìyẹn èyí tó lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara, mọ́ jẹ́lì tí wọ́n fi PNIPAM ṣe. Wọ́n dà á nígbà tó tutù, wọ́n jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó dì, sẹ́ẹ̀lì sì dàgbà róbótó nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 5, ó di nǹkan bí ìlọ́po 20. Wọ́n mú un tutù, jẹ́lì yọ́, wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì wọn. Kò sí eku níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún 22 ló wà láàárín 1968 sí 1990. Àwọn oníkẹ́mísírì méjì yẹn kò wá ìwòsàn ojú. Bí nǹkan ṣe ń yòrò ni wọ́n ń wò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, bí a bá jókòó láti dáwó fún lábù ilé-ìwé wa, tí ẹnì kan bá béèrè pé kí ni ọmọ fẹ́ fi òye omi àti ooru ṣe láyé, ẹ sọ ìtàn yìí fún un, kí ẹ sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.