Àádọ́ta Ọdún Lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ 1976: Ìtàn Ẹgbẹ́ Shooting Stars Ìbàdàn, Tòun Ti Ọdún Ìpele Kejì

Ní Ìwàrè níbí, bí èèyàn bá ti ní "Shooting", kò sẹ́ni tí í bèèrè pé èwo nínú wọn. Ẹgbẹ́ tí baba wa ń tìtorí ẹ̀ sá bátìrì sóòrùn ni. Ní ọ̀sán Sátidé, bátìrì mẹ́rin á tò sórí páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún tí ìyá wa ń sá. Bí bọ́ọ̀lù bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, baba á kì wọ́n bọ inú rédíò, wọn á fi rọ́bà de ìdérí ẹ̀ pa. Láti ìgbà náà, ẹni bá wúkọ́ jẹ̀bi.

Ọdún 2026 ló pé àádọ́ta ọdún tí ẹgbẹ́ yìí gbé ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé. Ó yẹ ká ṣàjọyọ̀, ó sì yẹ ká sọ ìtàn náà tán, ká má fo ibi tó korò.

Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ WNDC, àjọ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé ìdàgbàsókè lé lọ́wọ́, ni ẹgbẹ́ náà ti wá. Nígbà tó yá, ó bọ́ sábẹ́ IICC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yáni lówó ṣòwò, ni wọ́n bá ń pè é ní IICC Shooting Stars. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba pín Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí Shooting fi gba líìgì Nàìjíríà, tó tún wọ àṣekágbá ife àwọn tó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ti Yaoundé, níbi tí Roger Milla wà, ló ni ife náà lọ́wọ́. Ní Ìbàdàn, Shooting fi ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan nà wọ́n. Ní Yaoundé, ayò kan péré ni wọ́n rí san padà. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tó gba ife Áfíríkà rí kó tó dìgbà náà.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980 ni Nàìjíríà na Algeria ní ayò mẹ́ta sódo ní Èkó, tó fi gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ẹyọ kan. Best Ogedegbe ló ṣọ́lé. Ọmọ Shooting ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Shooting náà ni Ràṣídì Yẹkínì ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ife àgbáyé wọlé lọ́dún 1994. Lọ́dún 1992, Shooting gba ife CAF nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀: wọ́n na Nakivubo Villa ti Uganda ní mẹ́ta sódo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Zamalek ti Íjíbítì já ife tó ga jù gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú àṣekágbá, ní 1984 àti 1996; pẹnáríítì ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún 2017 ni Shooting já sí ìpele kejì. Tẹlifíṣọ̀n kì í sábà yà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Crown ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti irú wọn ti ń jà fún orúkọ, tí ẹni tó gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì sì gbọ́dọ̀ bá wọn jìjàkadì lórí ilẹ̀ kan náà. Kì í ṣe Shooting nìkan nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láyé. Ní Ítálì, Pro Vercelli, ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan láàárín oko ìrẹsì, gba líìgì orílẹ̀-èdè náà nígbà méje láàárín 1908 sí 1922. Láti 1935 tí wọ́n ti já, wọn ò tíì padà sípele àkọ́kọ́. Síbẹ̀, àwọn ará Vercelli ò jẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ wọn parẹ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí Shooting wò, èèyàn ló rí níbẹ̀. Awakọ̀ kan wà ní gáréèjì wa tí kò bọ́ ẹ̀wù búlúù òun funfun ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Bọ̀dá, ẹ bọ́ ẹ̀wù yìí o, ẹgbẹ́ yín ti lọ bá ọmọdé ṣeré." Á ní, "Bí ara baba yín ò bá yá, ṣé ẹ máa ń pààrọ̀ orúkọ ni?"

Lọ́dún 2021, Shooting padà sípele àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí a bá ń kọ 1976 sára ògiri lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká kọ 2017 àti 2021 sábẹ́ ẹ̀. Àwọn tó gba ife ló ni ti òkè. Awakọ̀ yẹn àti irú rẹ̀ ló ni ti ìsàlẹ̀.