Oúnjẹ Inú Ìkarahun: Ìtàn Quahog ti Etí Òkun Narragansett

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ ogun àti ti ọba ni a sábà máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀, ó sì ń fi ìwà ènìyàn hàn. Èyí tí a fẹ́ sọ nísinsìnyí ni ti ẹran omi kékeré kan tí à ń pè ní quahog. Kì í ṣe ẹja, kì í sì í ṣe ìgbín. Inú ìkarahun líle méjì tí ó pa dé mọ́ ara wọn bí àwo ni ó ń gbé, nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀ abẹ́ omi òkun, láti Kánádà títí dé Florida ní Amẹ́ríkà.

Àwọn ará Narragansett ni orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn wá, àwọn tí wọ́n ti ń gbé ní Rhode Island kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Roger Williams, oníwàásù tí ó dá ìlú Providence sílẹ̀ ní 1636, kọ́ èdè wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní London ní 1643. Nínú ìwé náà ni ó ti kọ orúkọ ẹran omi yìí sílẹ̀ pé poquauhock, ó sì ròyìn bí àwọn ènìyàn náà ti ń wọ inú omi jíjìn láti wá a. Wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀, wọn kò sì sọ ìkarahun rẹ̀ nù.

Nítorí pé inú ìkarahun náà ní àwọ̀ elése àlùkò, wọ́n ń gé e, wọ́n ń lu ú, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí à ń pè ní wampum. Ohun ọlá ni, wọ́n sì fi ń dá májẹ̀mú láàárín ìlú àti ìlú. Àwọn òyìnbó, tí owó fàdákà wọ́n wọn, sọ ọ́ di owó. Ní 1640 ìjọba Massachusetts pàṣẹ pé funfun 4 tàbí aláwọ̀ aró 2 ni yóò jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin òyìnbó mú kí lílu rẹ̀ rọrùn, ìlẹ̀kẹ̀ náà pọ̀ jù, iye rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní 1661 Massachusetts fa òfin náà tu. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ka owó ẹyọ ní ẹgbàá àti ní ọ̀kẹ́, títí àwọn oníṣòwò fi kó ẹyọ Zanzibar dé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, tí agbára owó náà sì fi dínkù. Owó wá, owó lọ. Ẹran inú ìkarahun ṣì wà fún ẹni tí ebi ń pa.

Síbẹ̀, ohun tí owó kò lè parun, àìbìkítà ènìyàn lè pa á run. Àwọn òyìnbó tú ẹlẹ́dẹ̀ wọn sílẹ̀ láti máa jẹ̀ káàkiri. Nígbà tí omi òkun bá fà, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà a sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, wọn a sì máa fi imú tú ibi tí àwọn obìnrin Narragansett ti ń wa ẹran oníkarahun. Ní 1642 Miantonomi, olórí wọn, kìlọ̀ fún àwọn ará Montauk pé bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń ba ibùsùn àwọn ẹran náà jẹ́ báyìí, ebi ni yóò pa gbogbo wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni a pa á. Òfin Rhode Island ti 1843 fi ẹ̀tọ́ ìpẹja àti ti etí òkun lé gbogbo ará ìlú lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní 1880 ìpínlẹ̀ kan náà kéde pé ẹ̀yà Narragansett kò sí mọ́, kò sì sí títí di 1983 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà.

Lẹ́yìn ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ̀gbin ìlú ńlá dé. Quahog a máa fa omi wọ inú, a sẹ́ oúnjẹ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, a sì tú ìyókù jáde. Bí omi bá mọ́, ara rẹ̀ a mọ́. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá dà sí i, àrùn a wọ inú ẹran náà. Ewu yìí pọ̀ jù lára àwọn kékeré tí à ń pè ní littleneck, nítorí pé àwọn ènìyàn ń jẹ wọ́n ní tútù, pẹ̀lú omi ọsàn kíkan. Àwọn ńlá ni a ń gé wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀. Ní 1924 sí 1925, oyster, tí ó ń sẹ́ omi bákan náà, fa ibà táífọ́ọ̀dù ní New York, Chicago àti Washington. Ó ju 1,500 ènìyàn lọ tí ó ṣàìsàn, nǹkan bí 150 sì kú. Láti 1925 ni ìjọba ti ń ṣàyẹ̀wò omi tí a ti ń kó irú ẹran bẹ́ẹ̀.

Ní Providence, òjò a máa dà pọ̀ mọ́ ẹ̀gbin, a sì kún dé òkun. Nítorí náà wọ́n gbẹ́ ihò ńlá nínú àpáta lábẹ́ ìlú, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008, láti gba omi náà dúró títí a ó fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní 2021 wọ́n tún ṣí apá ìsàlẹ̀ odò Providence fún àwọn tí ń kó quahog, lẹ́yìn ohun tí ó ju 70 ọdún lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí i, ẹ̀yin ará. Ẹran yìí kò lè sá, kò sì lè yan omi tí yóò mu. Ohun tí a bá dà sínú omi ni yóò gbé padà wá sórí tábìlì wa. Àká tí gbogbo ènìyàn ń jẹ nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn ni í ṣọ́ ọ. Bí a kò bá sì ṣọ́ ọ, ẹnu àwọn tálákà ni ìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń dé.