Inú Ẹran Tó Di Ẹ̀kọ́: Ohun Tí Kurt Lewin Rí Nínú Ilé Ìdáná Amẹ́ríkà

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì ní ìparí ọdún 1941, ìjọba ibẹ̀ dojú kọ ìṣòro kan tó lè pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Ojúlówó ẹran ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ ogun, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kò fẹ́ fọwọ́ kan ọkàn màlúù àti kídìnrín. Ohun tí àwọn kan ń dù nídìí ìkòkò ọbẹ̀, ohun ìríra ni lójú tiwọn.

Kurt Lewin ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Júù ni, ọdún 1890 ni wọ́n bí i. Ó fi Jámánì sílẹ̀ ní ọdún 1933 nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Iowa. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé ìyá ilé ni aṣọ́nà: ohun tí kò bá gbà wọ ilé ìdáná, kò lè dé orí tábìlì. Ní ọdún 1950, David Manning White mú èrò yìí wọ inú iṣẹ́ ìròyìn, láti ṣàlàyé bí olóòtú ṣe ń pinnu ìròyìn tí aráàlú yóò kà.

Lewin wá pín àwọn obìnrin sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èèyàn 13 sí 17. Ọ̀wọ́ mẹ́ta jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dùn létí: wọ́n gbọ́ nípa èròjà aṣaralóore, owó tí kò pọ̀, àti ìrànwọ́ fún ogun. Ọ̀wọ́ mẹ́ta yòókù kò gbọ́ àlàyé gígùn. Wọ́n bi wọ́n pé kí ló ń dí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n sọ ti ọkọ tí yóò kọ oúnjẹ, wọ́n sọ ti òórùn rẹ̀ lórí iná, wọ́n sì jùmọ̀ wá ojútùú. Níkẹyìn, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lọ́sẹ̀ náà nawọ́ sókè.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ìdá 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló se irú ẹran tí wọn kò sè rí. Nínú àwọn tó jíròrò, ìdá 32 ni.

Àlébù wà nínú ìwádìí náà. Àwọn tó jíròrò mọ̀ pé wọ́n máa padà wá béèrè. Àwọn yòókù kò mọ̀. Síbẹ̀, àlàyé Lewin fẹsẹ̀ múlẹ̀: ó ṣòro kí ẹnì kan ṣoṣo yapa kúrò nínú àṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ bí ẹgbẹ́ bá jùmọ̀ pinnu, ìyípadà kì í wúwo mọ́.

Nàìjíríà náà rí irú rẹ̀. Ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, nítorí àhesọ pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Àlàyé àwọn dókítà nìkan kò yanjú rẹ̀. Ìgbà tí àwọn aṣojú láti ìhà Àríwá bá wọn lọ́wọ́ sí àyẹ̀wò rẹ̀, tí wọ́n sì rí i gbà láti Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí gan-an, ni Kano tó tún ṣílẹ̀kùn ní ọdún 2004. Láàárín àkókò náà, àrùn ọ̀hún ti ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Lewin kú ní ọdún 1947, àmọ́ àwọn aláṣẹ ṣì ń fi gbohùngbohùn pariwo lé aráàlú lórí, wọ́n sì ń bínú pé aráàlú kò gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí a kò pè sí ìmọ̀ràn, kí ló fẹ́ fi ṣe ìmúṣẹ rẹ̀?