Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà: Ìtàn Fókọ́ọ̀sì Nínú Yíya Àwòrán Ojú

Bí ayàwòrán bá kọ lẹ́ńsì 85mm tí ojú rẹ̀ ṣí dé f/1.2 sí ẹni tó jókòó ní mítà kan ààbọ̀ sí i, ibi tí yóò mọ́ gaara nínú àwòrán náà, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Bí ó bá bọ́ sórí ẹyinjú, imú ti ń ṣe bàìbàì, etí sì ti wọnú ìkùukùu. Bí etí ló bá bọ́ sí, àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn, torí ojú lèèyàn kọ́kọ́ ń wò lára èèyàn. Láti ìgbà tí fókọ́ọ̀sì aládàáṣe ti dé, ìyẹn kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa wá ibi tí àwòrán yóò ti mọ́, ni àwọn ayàwòrán ti ń ráhùn pé irú lẹ́ńsì yìí gan-an ló ti máa ń já wọn kulẹ̀. Àwọn kan ní lẹ́ńsì ló burú, àwọn kan ní kámẹ́rà ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayàwòrán ló ń gbọ̀n. Èrò tèmi ni pé ẹjọ́ yìí ti pẹ́ ju kámẹ́rà aládàáṣe lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1840 ló ti wà nílẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì yí padà fún ohun tó lé ní 160 ọdún: ohun tó ń sọ fún wa pé àwòrán ti mọ́ kì í gbé ibi tí àwòrán ń bọ́ sí. Oníròyìn ni. Ọ̀ràn náà kò ṣojú rẹ̀.

Lọ́dún 1839 tí Daguerre gbé ọ̀nà àwòrán yíyà rẹ̀ jáde ní Paris, ojú lẹ́ńsì tí wọ́n ń lò kò fẹ̀ ju bíi f/15 lọ, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ya òun sì ní láti jókòó bí ère fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Joseph Petzval, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Yunifásítì Vienna, ló tú okùn yẹn. Wọ́n yá a ní àwọn sójà oníbọn ńlá tó mọ ìṣirò, kí wọ́n bá a ro bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ bó bá ń la gíláàsì kọjá. Nígbà tó fi di 1840, lẹ́ńsì f/3.6 ti jáde, ilé iṣẹ́ Voigtländer ló ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé fi bí ìlọ́po 17 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yíya àwòrán ojú sì di òwò tí èèyàn lè fi jẹun. Àmọ́ bí ojú lẹ́ńsì ṣe ń fẹ̀ ni ibi tó ń mọ́ gaara ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, àṣìṣe tí lẹ́ńsì olójú kékeré ń bò mọ́lẹ̀ sì bọ́ sí gbangba. Ayàwòrán á to ojú oníbàárà kó mọ́ rekete lórí gíláàsì tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, á yọ gíláàsì náà, á ki àwo fàdákà bọ ibẹ̀ gẹ́lẹ́, síbẹ̀ àwòrán á jáde ní bàìbàì. Antoine Claudet, ará Faransé tó ní sítúdíò ní London, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní 1844. Ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ yẹ́lò ni ojú èèyàn fi ń ríran jù, búlúù ni àwo fàdákà ń gbà jù, ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ìgbà náà kì í sì í kó àwọ̀ méjèèjì jọ síbi kan. Ibi tí ojú ti rí ìmọ́gaara kọ́ ni àwo ti rí i. Claudet wá ṣe irinṣẹ́ kan tó ní àwọn pátákó kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí lẹ́ńsì ju èkejì lọ. Wọ́n á to lẹ́ńsì sórí nọ́ńbà kan, wọ́n á ya á, wọ́n á wá wo nọ́ńbà tó mọ́ jù nínú àwòrán. Ẹni tó bá ti rí rúlà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àwọn ayàwòrán òde òní fi ń dán lẹ́ńsì wò yóò dá irinṣẹ́ yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gùn. Ní 1932, Leica àti Contax gbé kámẹ́rà tó ní ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀nà nínú jáde: fèrèsé kéékèèké méjì ló ń wo oníbàárà, ayàwòrán á máa yí lẹ́ńsì títí àwòrán méjèèjì á fi lé ara wọn. Lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìdájọ́ yẹn rárá. Kámẹ́rà onídígí, tí Nikon F ti 1959 wà lára àwọn tó sọ ọ́ di àyànfẹ́, sàn jù bẹ́ẹ̀, torí inú lẹ́ńsì gan-an ni ayàwòrán ń gbà wò ó. Síbẹ̀ orí gíláàsì òkè ló ti ń wò ó, fíìmù wà lẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ojú, oníròyìn kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Konica C35 AF ti 1977 ni kámẹ́rà àkọ́kọ́ tó ní fókọ́ọ̀sì aládàáṣe tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà, ọ̀dọ̀ Honeywell ní Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n inú rẹ̀ ti wá. Minolta 7000 dé ní 1985, ó tà wàràwàrà, Honeywell sì pe Minolta lẹ́jọ́ lórí ọgbọ́n náà. Ní 1992, Minolta san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 127 dọ́là. (Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì, kó tún owó yẹn kà.) Ní 1989, Canon gbé 85mm f/1.2 aládàáṣe tirẹ̀ jáde, gíláàsì inú rẹ̀ wúwo débi pé bí ìgbín ló ń rìn. Ẹjọ́ ọjọ́ Claudet bá tún jí.

Ẹ jẹ́ ká wo inú kámẹ́rà onídígí aládàáṣe. Díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń la dígí ńlá kọjá, dígí kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á wá darí rẹ̀ sísàlẹ̀, sórí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn fókọ́ọ̀sì. Sẹ́ńsọ̀ yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ tó gba apá kan lẹ́ńsì wọlé wé èyí tó gba apá kejì wọlé. Bí méjèèjì bá bára mu, ó ní àwòrán ti mọ́. Ọ̀nà sísàlẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gùn gẹ́lẹ́ bí ọ̀nà tó lọ sórí fíìmù. Ní f/1.2, bí ó bá yẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 4 nínú ìdá 100 mìlímítà lọ, ohun tí kò nípọn tó irun orí kan, irọ́ ló pa. Ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ parí síbẹ̀. Kí sẹ́ńsọ̀ yìí lè bá lẹ́ńsì olójú kékeré náà ṣiṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó tó ti f/5.6 tàbí f/2.8 nìkan ni wọ́n ṣe é láti máa wò. Ìmọ́lẹ̀ etí lẹ́ńsì ńlá, èyí tó sábà máa ń pàdé síbi tó yàtọ̀ díẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń wọnú àwòrán. Oníròyìn tó jẹ́ olóòótọ́ pàápàá, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Ìwòsàn tí àwọn ilé iṣẹ́ gbé wá jẹ́rìí sí ohun tí mò ń wí. Contax AX ti 1996 fi lẹ́ńsì sílẹ̀, fíìmù ló ń sún síwá sẹ́yìn nínú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ìsàlẹ̀ ló ṣì ń pàṣẹ fún un. Ní 2007, Canon àti Nikon fi ètò kan sínú EOS-1D Mark III àti D3, tí oníkámẹ́rà lè fi sọ fún ẹ̀rọ pé lẹ́ńsì báyìí ń ta síwájú tàbí sẹ́yìn ní báyìí báyìí, kó máa ṣe àtúnṣe rẹ̀. Pátákó Claudet nìyẹn ní ìrísí tuntun. Ní 2016, Nikon D5 àti D500 jẹ́ kí kámẹ́rà fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ ìsàlẹ̀ wí wé ohun tí sẹ́ńsọ̀ àwòrán fúnra rẹ̀, èyí tó gbapò fíìmù, rí, kó sì fi èkejì tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ẹlẹ́rìí ló ń tún ọ̀rọ̀ oníròyìn sọ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní ṣé nígbà fíìmù, ariwo yìí kò tó báyìí. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe pé ẹ̀rọ ìgbà yẹn péye jù. Fíìmù kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, fọ́tò tí wọ́n ń tẹ̀ kì í sì í tóbi. Ta ló fi awò wo ìpéǹpéjú nínú fọ́tò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ? Orí kọ̀ǹpútà, tí a ti lè fẹ ẹyinjú kan kó gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, ni àṣìṣe ti ń fojú hàn. Èyí tó le jù nínú àtakò ni pé ayàwòrán ló ń ṣe ara rẹ̀. Ó ní ibi tó ti mú ẹsẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ a máa fi àárín kámẹ́rà mú ẹyinjú, lẹ́yìn náà wọ́n á yí kámẹ́rà kí àwòrán lè jókòó dáadáa. Bí wọ́n bá yí i ní dígírì 8 péré ní mítà kan ààbọ̀, fókọ́ọ̀sì á bọ́ sí nǹkan bíi mìlímítà 15 lẹ́yìn ẹyinjú, bẹ́ẹ̀ ààyè tí a ní lẹ́yìn kò ju nǹkan bí 10 lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ayàwòrán ń ṣe níbẹ̀ bí kò ṣe pé ó gba ìròyìn níbì kan, tó lọ lò ó níbòmíràn?

Kámẹ́rà aláìnídígí ló wá gbé ẹlẹ́rìí dé ibi ọ̀ràn. Nínú EOS 70D ti 2013, tó ṣì ní dígí tirẹ̀, Canon ti pín ojúàmì orí sẹ́ńsọ̀ àwòrán sí méjì méjì kí wọ́n máa wọn fókọ́ọ̀sì níbi tí àwòrán ń bọ́ sí gan-an. Ọdún yẹn náà ni Sony α7 jáde pẹ̀lú ètò tó ń wá ẹyinjú fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Lórí ìyàtọ̀ ibi méjì, mo gbà. Àmọ́ ètò tó ń wá ẹyinjú pàápàá, àfiwé ló ń ṣe. Ó lè gbá férémù ìgò ojú mú, ó lè dúró sórí irun ìpéǹpéjú.

Ìbéèrè tó kù ni ti àwọn ayàwòrán tí kò bá ìṣòro fókọ́ọ̀sì yìí jà rí. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó ṣàlàyé bí àgbà ṣe máa ń jókòó dọ́gba, ní odindi, kí ojú méjèèjì hàn, kí ọwọ́ wà lórí itan, kí aṣọ tẹ́ rẹrẹ, ó sì so ó mọ́ èrò jíjọra tó wà nínú ère gbígbẹ́. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi f/1.2 ṣe. Bí a bá gbé 85mm kan náà sí mítà 3, tí a pa ojú rẹ̀ dé f/8, ibi tó mọ́ gaara á lé ní ìdajì mítà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹni tó jókòó láti orúnkún dé èjìká. Oníròyìn lè ṣì í sọ díẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Lónìí, ayàwòrán ìgbéyàwó l'Ékòó lè ṣí lẹ́ńsì rẹ̀ dé f/1.4: ẹyinjú ìyàwó á mọ́ débi tí èèyàn á fi lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ òkè tó tẹ́ sórí itan rẹ̀ á sì di àwọ̀ lásán.