Chapter One (àwo orin BLO)

Chapter One ni àwo orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olórin BLO ti ìlú Èkó gbé jáde lábẹ́ EMI Nàìjíríà ní ọdún 1973. Inú orúkọ àwọn olórin mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni a ti fa BLO yọ: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Laolu Akins tó ń lu ìlù, àti Mike Odumosu tó ń ta béèsì (òun nìkan ni wọ́n mú orúkọ ìdílé rẹ̀). Jones àti Akins ti kọ́kọ́ wà nínú ẹgbẹ́ The Clusters, lẹ́yìn náà ni wọ́n bá Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt.

Orin rọ́ọ̀kì oníran-àlá ni ó wà nínú àwo náà: gìtá rẹ̀ ń ké, ohùn ń dún bí ẹni pé láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń bọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì rọrùn láti kà á sí àfarawé lásán. Ìlù rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú "Chant to Mother Earth", ìlù àti béèsì ni ó ń tukọ̀, gìtá ń tẹ̀ lé wọn.

Afrodisia ni ó gbé àwo kejì, Phase II, jáde ní 1975, ẹgbẹ́ náà sì yà sí fọ́ǹkì àti dísíkò nígbà tó yá. Odumosu bá Osibisa ṣeré. Akins ni ó darí ìgbàsílẹ̀ Ace, àwo jùjú Shina Peters ti 1989.