Òṣómàáló, Ológò, àti Ínfọ́ìsì Wa

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ìkànnì kan fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ló kọ́ ọ̀kan nínú wa ní a, b, d nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà parí, ó dára, àwọn òbí sì ti ń fi wo èsì ìdánwò ọmọ wọn. A wá kọ ínfọ́ìsì, ìyẹn ìwé tí a kọ iṣẹ́ tí a ṣe àti owó rẹ̀ sí. ₦450,000 ni. A fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Màmá kà á, àmì búlúù méjì yọ, wọ́n sì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín." Ó parí síbẹ̀. Oṣù kan lọ, oṣù kejì tẹ̀ lé e.

Ta ló fẹ́ pe ìyá tó kọ́ ọ ní a, b, d kó sọ fún wọn pé owó òun dà? Ẹni tí wọ́n kọ́ nínú wa ní òun ò lè ṣe é láéláé. Ẹnì kejì ní ká ti ìkànnì náà pa fún ọjọ́ méjì péré, wọ́n á wá wa wá fúnra wọn. Ẹnì kẹta kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe òṣómàáló fún wọn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, a rí i pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òṣómàáló jẹ́ gan-an láàrin wa, ju pé orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà ni. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nìyẹn, tí a sì ń bi àwọn àgbà léèrè. Ohun tí a rí níbẹ̀ ló yí bí a ṣe ń gbowó iṣẹ́ padà.

Iṣẹ́ ò kì í ṣe oríṣi kan

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ owó kì í wọ àárín ará àti ọ̀rẹ́. Wọ́n ní ìfẹ́ ni gbogbo ẹ̀, pé òyìnbó ló kó ìṣirò wá bá wa. Irọ́ ni. N. A. Fadipe, tó kọ ìwádìí ńlá nípa àwùjọ Yorùbá fún Yunifásítì London lọ́dún 1939, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde bí ìwé lọ́dún 1970, kọ nípa oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà bára wọn ṣiṣẹ́. Ìṣirò wà nínú wọn dáadáa.

Àáró wà. Àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn dọ́gba á kóra jọ: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ, ní ọ̀túnla oko ẹnì kẹta. Owó ò wọ̀ ọ́, àmọ́ gbèsè wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti bá ro oko ọjọ́ kan ti jẹ ọjọ́ kan, ó sì gbọ́dọ̀ san án.

Ọ̀wẹ̀ náà wà. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá dé bá, bí ilé kíkọ́ tàbí oko tó ń sú lọ, á ké sí ará, ọ̀rẹ́, àti ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó máa se oúnjẹ, ó máa wá ẹmu. Bí wọ́n bá ti jẹun tí wọ́n mu, ó tán. Kò sẹ́ni tó máa retí owó lẹ́yìn ọ̀wẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn alágbàṣe wà: wọ́n á fojú wo oko, wọ́n á dá iye lé e, wọ́n á ná an títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀, kí wọ́n tó gbé ọkọ́.

Kò sí èyí tó jẹ́ ìtìjú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ kan náà lè ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe àáró lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì gba iṣẹ́ owó lọ́wọ́ ẹlòmíì lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, tonílé tàlejò ti mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Nígbà tí a ka èyí, a wo ara wa lójú. Tiwa ńkọ́? Nígbà tí Màmá pè wá, wọ́n ní, "Ẹ bá mi ṣe é ná, a máa rí i sọ." Àwa náà dáhùn pé, "Kò sí wàhálà, mà." Ohun tí a gbọ́ nínú "bá mi ṣe é" ni iṣẹ́ owó. Ohun tí Màmá fẹ́ sọ lè jẹ́ ọ̀wẹ̀. Iṣẹ́ kan, orúkọ méjì, kò sì sẹ́ni tó là á yé ẹnì kejì.

Ọ̀nà líle

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo bí àwọn baba wa ṣe ń gbowó ló dára. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ lọ́dún 1897, àmọ́ ọdún 1921 ló tó jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀, nípasẹ̀ àbúrò rẹ̀ Obadiah. Nínú ìwé náà, ó ṣàlàyé àwọn tí wọ́n ń pè ní ológò. Bí ẹnì kan bá jẹ ọ́ lówó tí kò san, o lè lọ bẹ ológò pé kó bá ọ dógò tì í. Àwọn aláṣẹ ìlú mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Á wọ agboolé onígbèsè, á jókòó sí i, á máa pariwo, á máa pàṣẹ oúnjẹ tó wù ú, á sì máa mú adìẹ tàbí ẹran tó bá rí, kó pa á jẹ. Kò ní bi í bóyá ti onígbèsè ni tàbí ti ará ilé rẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ, ọrùn onígbèsè ló wà. Ohun tí èyí ń fà ni pé gbogbo agboolé á dìde sí onígbèsè náà pé kó lọ wá owó yìí san.

Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti rán ológò sí ọ, ǹjẹ́ ìwọ àti òun tún lè jọ ṣòwò?

Ìwọ̀fà tún wà. Ẹni tó yáwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Kò kan owó gangan. Èèyàn lè ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan, kí owó tí wọ́n yá má dín kọ́bọ̀. Ibi tí gbèsè lè gbé èèyàn dé nìyẹn, a ò sì gbọ́dọ̀ fi adùn ìtàn bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó ní ká ti ìkànnì pa nínú wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí a ka ti ológò. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn òbí tí kò jẹ wá ní kọ́bọ̀ ni mo fẹ́ pa adìẹ wọn jẹ."

Ẹni tó ló òṣòó

Òṣómàáló wá ńkọ́? Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1877, láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀, tí Ìjẹ̀ṣà wà lára wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà lọ́dún 1886, àmọ́ ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká níbùdó. Nígbà tí ọ̀nà là, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìjẹ̀ṣà tí ogun ti gba ọjọ́ orí wọn ní láti wá nǹkan ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn mú òwò aṣọ. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì dé Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Iléṣà, lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Aṣọ òyìnbó ń wọlé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ń rà á ní ìlú ńlá, wọ́n ń gbé e lórí lọ sí abúlé tí ṣọ́ọ̀bù kankan ò sí, ní Èkìtì, ní Àkókó, títí wọ òkè ọya.

J. D. Y. Peel kọ nípa wọn nínú ìwé tó ṣe lórí Ìjẹ̀ṣà lọ́dún 1983. Àwìn ni ọ̀nà wọn. Àgbẹ̀ ò lówó lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Ìgbà ìkórè lowó ń dé. Òṣómàáló á fún un láṣọ lónìí, wọ́n á jọ dá iye àti ìgbà tí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀, á sì kọjá lọ sí abúlé mìíràn. Bí ìgbà bá pé, ó ti padà dé. Bí onílé bá ní kò sówó, ọkùnrin náà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ohun tó máa ń sọ ni pé, "Òṣòó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ìnagijẹ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ lónìí, Ìjẹ̀ṣà fi ń yangàn.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ òṣòó? Bí a ṣe rò ó nìyí: àlejò tó bá jókòó sórí àga, tó gba omi mu, tó jẹ iyán onílé, ẹnu rẹ̀ ti wúwo. Ẹni tó lóṣòó ò tíì di àlejò. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò fọwọ́ kan adìẹ ẹnikẹ́ni, kò bú baba ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó ń kọjá sì ń rí i.

Ẹ má sì gbàgbé pé abúlé yẹn náà ló máa tajà sí lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá le jù, kò ní rí ẹni tà á fún mọ́. Bó bá rọ̀ jù, òwò rẹ̀ á kú. Onígbèsè náà mọ̀ pé bí òun ò bá san, aṣọ ọdún ìkómọjáde tàbí ti ìgbéyàwó ọmọ òun lè má sí mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá egbèfà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà egbèje. Egbèfà jẹ́ 1,200, egbèje jẹ́ 1,400, nígbà tó jẹ́ owó ẹyọ là ń ná. Ẹni tí kò san kékeré ló ti ọ̀nà ńlá mọ́ ara rẹ̀.

A ò ní pé ańgẹ́lì ni wọ́n o. Ojú ń ti onígbèsè tí òṣómàáló bá ló sí lẹ́nu ọ̀nà, ìtìjú yẹn sì wà lára irinṣẹ́ wọn. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ lójú wa ni ohun tí wọ́n ti ṣe kó tó di òṣòó rárá: wọ́n ti dá iye, wọ́n ti dá ọjọ́, wọ́n sì ti fi ọjọ́ náà sí ìgbà tí owó máa wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ san án. Ọjọ́ náà pé, wọ́n dé. Òṣòó wulẹ̀ jẹ́ ìparí àdéhùn tó ti wà nílẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí a lọ

Àwa ò ní àdéhùn kankan nílẹ̀. Ínfọ́ìsì wa ò ní ọjọ́ ìsanwó. Kódà, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí kí a tó fi ránṣẹ́. A ń bínú sí Màmá lórí ọjọ́ tí a ò dá fún wọn.

A lọ bá wọn ní Sátidé kan. A dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbé àga fún wa, a sì jókòó. Ẹ̀tọ́ wa ò tíì tó ká lóṣòó. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní a, b, d ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀bi wa ni. A ò sọ iye fún yín ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo rí ìwé yẹn. Mo rò pé ẹ kàn kọ iye tí ẹ̀ bá gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Mo rò pé ẹ ń ràn mí lọ́wọ́."

Ó dùn wá, àmọ́ a dúpẹ́ pé ó jáde. A sọ fún wọn pé iṣẹ́ oṣù méjì ni, pé òun la fi ń sanwó ilé. Lẹ́yìn náà ni a béèrè ìbéèrè tí òṣómàáló ì bá kọ́kọ́ béèrè: "Ìgbà wo lowó máa ń wọlé fún yín, mà?" Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń wọlé ní sáà tuntun ni, pé ní àárín sáà, owó oṣù àwọn tíṣà nìkan ni àwọn ń wá kiri. Oṣù tí a fi ínfọ́ìsì wa ránṣẹ́ gan-an nìyẹn. Bí ẹni tó lọ gba owó kòkó nígbà tí kòkó ṣì wà lórí igi.

A pín in sí mẹ́ta, ₦150,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. A kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn àtàwa tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n ti san ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta kù, ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì pé.

Láti ìgbà yẹn, a kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan ká tó béèrè: ṣé ọ̀wẹ̀ ni, àáró ni, àbí iṣẹ́ owó? A ṣì ń ṣe ọ̀wẹ̀. Ìyàwó ọ̀kan nínú wa ń bẹ̀rẹ̀ òwò, a sì ṣe ìkànnì tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó se ìrẹsì fún wa, ó tán. Àmọ́ bó bá ti jẹ́ iṣẹ́ owó, iye, ọjọ́, àti bí a ṣe máa pín in á ti wà nínú ìwé kí a tó kọ ìlà kan. Bí ọjọ́ bá pé, a máa pè. Ohùn la fi ń pè, a ò kọ ọ́ ránṣẹ́ mọ́, a sì ń kí wọn dáadáa ká tó dé orí ọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá pè wá. Ọ̀rẹ́ wọn kan náà ní ilé ẹ̀kọ́, ó fẹ́ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti sọ fún un pé ẹ máa ń dá iye kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o."